Bí Wọ́n Ṣe Ti Ilẹ̀kùn Ìwé Màmá

Ọjọ́ Ajé ni, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ọkùnrin ayàwòrán-ilé kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá láti gba awò ojú rẹ̀ tuntun. Ó gbé e wọ̀, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lára ògiri títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó yíjú padà.

"Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Mo kà á pé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní ìyá wọn báyìí. Ó dùn mí gan-an. Ọlọ́run á fún yín lókun."

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dúró sójú kan, aṣọ tó fi ń nu dígí há sọ́wọ́ rẹ̀. Aláwò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí awò ojú ló ti ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí láti ọdún mẹ́tàlélógún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí oníbàárà kan tó mọ ohun tó ń lọ nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìyá rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Wọ́n wà. Àgbà ló ń dé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Níbo lẹ ti kà á?" ó béèrè.

Ọkùnrin náà rí ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti fi ẹnu kọ. Ó padà wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní Màmá ló kọ́ òun ní kíláàsì kẹrin. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ ń kọ́ yàrá ìkàwé tuntun fún iléèwé náà, òun lòun ya àwòrán rẹ̀, orúkọ Màmá ni wọ́n sì fẹ́ kọ síwájú rẹ̀. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí òun kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn ní ṣókí wá kà. Nítorí náà ni òun ṣe jókòó lánàá, tí òun tẹ orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ ìwákiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ohun tó kọ́kọ́ jáde nìyẹn, Àǹtí. *Ìwé Màmá.* Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbé e síta kí gbogbo ayé lè kà á."

"Ṣé ẹ kà á tán?"

"Rárá o. Ojú ewé méjì ni mo kà. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ balùwẹ̀, mo pa á dé. Mo ní èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ojú mi rí."

Bó ṣe jáde, Aláwò gbé pátákó "Mò ń bọ̀" kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ tó fi ń lọ dígí. 

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé èèyàn, àfi kéèyàn mọ irú ẹni tí Màmá jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà iléèwé. Ẹ-Dákẹ́ ni àwọn ọmọ iléèwé ń pè wọ́n lẹ́yìn, nítorí bí wọ́n bá ti yọ sí kíláàsì, wọn kì í ju ìyẹn lọ: "Ẹ dákẹ́." Eṣinṣin gan-an á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rí wọn rí kí bọ́tìnì ẹ̀wù wọn má dé ọrùn, ìbáà jẹ́ inú ooru. Ọmọ bíbí inú wọn kì í wọ yàrá wọn láìkan ilẹ̀kùn. Bí ikọ́ bá ń ṣe wọ́n, yàrá ni wọ́n á lọ wú u.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìgbàgbé wọlé. Ó fi àwàdà bẹ̀rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ nínú ìkòkò ìrẹsì, búrẹ́dì láàárín aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, àwàdà tán. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Aláwò ni àkọ́bí, òun ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin, ọkọ̀ òkun ló ń bá ṣiṣẹ́. Atukọ̀ là ń pè é, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lójú omi kí fóònù rẹ̀ tó dún. Àbíkẹ́yìn, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní orílẹ̀-èdè kan tó jìn réré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà tí Aláwò ń tún sọ fún ẹni méjì léraléra wá fẹ́ di àìsàn sí i lára, Nọ́ọ̀sì la ojúlé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ ní *Ìwé Màmá*. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì á máa lọ kà á."

Ó sì ń kọ ọ́. Lójoojúmọ́, bí Màmá bá ti mu tíì ìrọ̀lẹ́ tán, Aláwò á fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n tu dànù, oògùn tí wọ́n sọ gba ojú fèrèsé. Ọjọ́ tí wọ́n bú ẹkún nítorí wọn ò mọ obìnrin tó wà nínú dígí. Ọjọ́ tí wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tọ̀ sára níwájú oníbàárà mẹ́rin. Ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó rí ilẹ̀, Aláwò ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìfọdígí, ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ kọ, ó da gbogbo omi náà sílẹ̀ àti sára Màmá, ó sì ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Mà! Wo bí mo ṣe rọ omi sí yín lára!" Àwọn oníbàárà fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura.

Àṣírí tó fi odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi bò, òun fúnra rẹ̀ ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Níbi tí Aláwò jókòó sí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ tí èsì fi jáde. Àkọ́kọ́ pátápátá ni. Fọ́tò Màmá nínú ẹ̀wù ìsùn, bọ́tìnì mẹ́ta ṣí sílẹ̀, ọṣẹ ìfọnu lágbọ̀n wọn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gé ìlà kan jáde nínú ohun tó kọ: *Lónìí, Màmá tọ̀ sára ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mo yára…* Ibẹ̀ ni wọ́n gé e dúró sí.

 A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, òun ti fi ọwọ́ méjèèjì júwe yàrá ìyá rẹ̀.

Ó pe Nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ni ìyẹn ti gbé fóònù.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. N ò fún ẹnikẹ́ni ní àdírẹ́sì rẹ̀! Àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀ ọ́n!"

"Tẹ orúkọ Màmá wò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, Aláwò gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Yéè! Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Báyìí-báyìí."

"Má pa á rẹ́!"

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Ojú Màmá ńkọ́?"

"Atukọ̀ ńkọ́? Tó bá gúnlẹ̀, kí ló fẹ́ kà? Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́! Níbẹ̀ ni dókítà ti ń rí ọjọ́ tí oògùn yí padà. Níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí Màmá sọ tó pa wá lẹ́rìn-ín wà. Tí wọ́n bá lọ, ta ló tún fẹ́ rántí?"

"Tí wọ́n bá lọ, ohun tí gbogbo ayé á máa kà nípa wọn nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Nọ́ọ̀sì ní kí ló dé tí Àǹtí òun fi kọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ sílẹ̀ gan-an. Aláwò ní ẹni tó ń fọ aṣọ náà ló mọ ohun tó yẹ ní kíkọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn débi pé kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì pé ó dàbọ̀ kí fóònù tó kú. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ṣèlérí ohun kan: òun ò ní pa á rẹ́ títí di ọjọ́rú.

Aláwò gbé fóònù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára àpò awò ojú kan lórí pẹpẹ, èyí tó ti parí láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Obìnrin kan ló ni ín, ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀, tó ní ojú máa ń ta òun nítorí kọ̀ǹpútà. Kí ni obìnrin náà ní òun ń ṣe? Ó ní òun ń kọ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù fún àwọn ilé iṣẹ́. Aláwò kò dúró kó wá gbà á. Ó gbé àpò náà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbéra.

Òkè ilé ìtajà ọ̀dà ni ọ́fíìsì obìnrin náà, Oníwẹ́ẹ̀bù, wà. Yàrá kan ṣoṣo ni, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, fáànù méjì, òórùn ọ̀dà níbi gbogbo. Obìnrin náà gbé awò rẹ̀ wọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ títí. Ìgbà tó wá wo ojú ẹni tó gbé e wá, ó fa àga sí i.

"Ẹ jókòó, Mà. Awò nìkan kọ́ lẹ gbé wá."

Aláwò sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. 

"Àbúrò mi ní Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà," ni Aláwò fi parí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ́yẹ ò tíì dé ọjà, Mà. Ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká wá aṣọ jù sí i lára kíákíá."

Wọ́n tún pe Nọ́ọ̀sì, kí ó lè fún Oníwẹ́ẹ̀bù láyè láti wọ ẹ̀yìn ojúlé náà, níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ìbínú ò tíì tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Kó tó gbà gan-an, ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe fúnra òun: òun ti kọ àṣẹ kan síbẹ̀ pé kí ẹ̀rọ ìwákiri má wọ ojúlé náà mọ́.

Oníwẹ́ẹ̀bù mi orí. "Ẹ kú ìyánjú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò lè gbà wá, ó tún lè dí wa lọ́wọ́. Ẹ wò ó. Ẹ̀rọ ìwákiri dà bí ẹni tó ń rìn kiri ìlú, tó ń kọ gbogbo ilé tó bá rí sínú ìwé ńlá kan. Ó ti kọ ilé yín. Bí ẹ bá wá lẹ ìwé 'má wọlé' mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní torí ẹ̀ pa ohun tó ti kọ rẹ́. Ìwé tó ń sọ fún un pé 'yọ wá kúrò nínú ìwé rẹ', inú ilé la máa ń gbé e sí. Tí kò bá wọlé, báwo ni yóò ṣe rí i kà?"

"Ìyẹn ni pé mo lé oníṣẹ́ padà, mo tún ń bínú pé kò jíṣẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìwé méjèèjì yẹn pàápàá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Ẹ̀rọ tó níwà á gbọ́, èyí tí kò níwà á wọlé. Ilẹ̀kùn lẹ nílò. Ẹ̀yin ò ti ilẹ̀kùn rí. Ẹ kàn kọ́lé sí ibi tó fara sin ni, ẹ sì rò pé ẹni tí a ò júwe ilé fún kò lè débẹ̀."

Ó wá béèrè bí ẹ̀rọ ìwákiri ṣe débẹ̀ nígbà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni kò fi mọ ọ̀nà. Ó yẹ ìwé àlejò ojúlé náà wò, níbi tí ojúlé fúnra rẹ̀ ti ń kọ ẹni tó wọlé àti ibi tó gbà wá. Ó ní ojú ewé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i, ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn.



"Èmi ni," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Mo kún fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́. Wọ́n béèrè pé ṣé mo ní ojúlé wẹ́ẹ̀bù. Mo kọ èyí tí mo ní síbẹ̀. N ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí mi, èmi ni mo júwe ilé."

Aláwò lè sọ ohun púpọ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń fa imú lẹ́yìn òkun lọ́hùn-ún, ó ní, "Ó tó. Ṣé ìwọ lo gbé fọ́tò bọ́tìnì ṣíṣí yẹn síbẹ̀ ni? Yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù náà, ká máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ẹ dúró ná," ni Oníwẹ́ẹ̀bù wí. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ gbọ́ èyí. Àlejò mẹ́rin péré ló gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìwákiri wọlé láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn mẹ́ta, wọn ò lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí wọ́n tó yípadà. Ó jọ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá. Ìkẹrin wọlé lánàá, ó ṣí ojú ewé méjì, ó jáde."

"Méjì?"

"Méjì, Mà."

Aláwò fọwọ́ bo ojú. Òótọ́ ni ayàwòrán-ilé sọ. Láti àárọ̀, ọkàn rẹ̀ ti ń ya àwòrán gbogbo ìlú tó kóra jọ yí ibùsùn ìyá rẹ̀ ká, tí wọ́n ń nàka. Àṣé ẹnì kan péré ni, òun náà sì ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oníwẹ́ẹ̀bù fi ilẹ̀kùn sí gbogbo ojúlé náà, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ọjọ́ ìbí Màmá ṣe páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Oníwẹ́ẹ̀bù ní, "Ọjọ́ tí gbogbo iléèwé ń kọrin fún wọn lọ́dọọdún? Ẹ wá òmíràn, Mà." Ó yọ àṣẹ "má wọlé" kúrò, ó fi èyí tó ń sọ pé "má kọ wá sínú ìwé rẹ" sínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó rántí fọ́tò pẹ̀lú: ó ní fọ́tò máa ń ní àdírẹ́sì tirẹ̀, pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ilé tó gbàgbé fèrèsé kò tíì tilẹ̀kùn. Ó kó gbogbo fọ́tò wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwákiri, pé àwọn tó ni ilé ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pẹ̀lú ìlà tí wọ́n gé jáde àti fọ́tò náà.

Ohun kan tí Aláwò kò lè gbàgbé ni pé ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, Oníwẹ́ẹ̀bù á yí i sọ́dọ̀ rẹ̀, òun á kọjú sí fèrèsé. "Ẹ sọ fún mi tó bá ti tó ìsàlẹ̀, Mà. Ilẹ̀kùn ni mo wá tì, n ò wá ka ìwé Màmá."

Ó ní ó lè gba ọjọ́ kan, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá tẹ èsì ìwákiri náà lásìkò yìí á bá ilẹ̀kùn tó tì, ṣùgbọ́n títí wọn á fi yọ ọ́, ìlà yẹn á ṣì máa hàn níta. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ìpàdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, ìlà náà kò kúrò. Ní àárọ̀ ọjọ́rú, Aláwò ń bá Màmá de bọ́tìnì lẹ́bàá ibùsùn. Oòrùn wọlé díẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ojú tí ó ti pẹ́ tó rí kẹ́yìn.

"Àkọ́bí mi, ta ló kú tí o fi gbé ojú báyìí?"

Aláwò dẹ́kun. Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ààyè náà kì í pẹ́ kó tó dí, ó sì mọ̀ pé ẹni tó lọ̀rọ̀ ló jókòó síwájú òun yìí. Ó jókòó ti Màmá, ó sọ ọ́. Ó ní òun ń kọ ohun gbogbo nípa wọn sílẹ̀ fún àwọn àbúrò òun. Ó ní ó bọ́ síta. Ó ní ẹnì kan kà á.

"Ta ni?"

"Ọmọ iléèwé yín àtijọ́ ni, Mà."

Màmá ronú sí i. "Ṣé ó rí àṣìkọ níbẹ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Aláwò kó tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Màmá ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́. "Gbé e wá. Kà á fún mi."

"Èyí tó burú jù ni wọ́n rí, Mà."

"Ìyẹn gan-an ni kí o kà."

Ó ṣí i lórí fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ka ti oníbàárà mẹ́rin, ó ka ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ka bí òun ṣe pariwo ẹ̀bẹ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó kà á tán, Màmá ń wo ìka ẹsẹ̀ wọn.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì lo dà sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló rin."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tó bá gba ipò kìíní.

"O ṣeun, ọmọ mi. Má pa á rẹ́. Tí o bá pa á rẹ́, ta ni yóò rántí pé o ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi? Èmi kọ́ o, ìwọ náà mọ̀. Àwọn àbúrò rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá gbé orí sókè, ohùn ọ̀gá àgbà sì dé. "Ṣùgbọ́n yàrá mi ni yàrá mi. Ti ilẹ̀kùn."

"Mo ti tì í, Mà."

"Ó dára. Ó kù bọ́tìnì kan."

Ó dè é. Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán, Màmá ti ń bi í pé, "Ìyá mi, ṣé agogo iléèwé ti lù?" Ó dáhùn pé kò tíì lù. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé, bóyá òun ṣe ìyá òun níkà, ẹni tó lè dá a láre ti dá a láre. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an. Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan padà. Ó pè é ni, wọ́n jọ sunkún, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ àṣìkọ títí ẹni tó ń bá Nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fi wá wò ó bóyá nǹkan ń ṣe é.

Ní ọjọ́bọ̀, nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, Aláwò ń fi awò tuntun sí bàbá arúgbó kan lójú nígbà tí Oníwẹ́ẹ̀bù pè. "Ẹ wá orúkọ Màmá wò, Mà," ló sọ. 

Aláwò tẹ orúkọ náà. Ó wò ó. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó na fóònù sí bàbá arúgbó náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi awò yín tuntun wo ibí yìí dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ rí *Ìwé Màmá* níbẹ̀?"

Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. "N ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá!"

"Mo ní n ò rí i!" Ẹ̀rù ti ń ba bàbá. "Àbí awò yìí ò dára ni? Ṣé ẹ ò ní tún un lọ?"

"Awò yín dára, Bàbá! Ó dára ju gbogbo awò tí mo ti ṣe láyé lọ!" Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó ń gbọ̀n ọ́n, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ohun tó kù lábẹ́ orúkọ Màmá kò ju ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lọ, tó to orúkọ àwọn ọ̀gá iléèwé tó fẹ̀yìn tì lọ́dún kan báyìí. Nọ́ńbà kẹtàlá ni wọ́n wà. Aláwò jókòó sórí àga oníbàárà, ó mí, ó sì rí i pé láti ọjọ́ Ajé, òun ò tíì mí dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ayàwòrán-ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó lọ sí ìpàdé. Ó ní òun kò fẹ́ kọ ohun tí ìdílé kò fọwọ́ sí. Ó béèrè ohun tí òun máa sọ bí wọ́n bá béèrè ìlera Màmá.

"Ẹ sọ pé wọ́n ti dàgbà, wọ́n wà nílé, ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aláwò wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pa á dé."

Ọkùnrin náà fọwọ́ tún awò rẹ̀ ṣe lójú. "Àǹtí, ojú ewé méjì tí mo kà yẹn, mo lọ bẹ ìyá mi wò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin." Ó jáde. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ròkè fún orúkọ Màmá.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fóònù dún. Nọ́ńbà àjèjì ni. Atukọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kò rí bíi tirẹ̀.

"Àǹtí mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Mo ṣí *Ìwé Màmá*, ó ní kí n mú páásíwọ́ọ̀dù wá. Kò tì rí. Mo rò pé… Mo ní bóyá ẹ ti í nítorí pé…" Kò lè parí rẹ̀.

"Wọ́n wà! Wọ́n wà láàyè! Wọ́n jókòó tì mí níbí, wọ́n ń jẹ ẹyin. Ó tán o, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbàgbé pé o ò tíì gbọ́! Mo kọ̀wé sí ọ, àṣé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ lójú omi."

Ó gbọ́ ọ tó tú èémí jáde, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá mi wà!" Àwọn ọkùnrin kan sì hó yè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ka páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i létí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibi tó kà dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Kò jẹ́ kí Aláwò gbé fóònù sílẹ̀, ó ń ka àwọn ibì kan sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Màmá yìí! Màmá yìí náà!"

Màmá gbé orí kúrò nídìí àwo. "Ta ló ń pariwo yẹn?"

"Ọmọ yín ọkùnrin ni, Mà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gúnlẹ̀."

Màmá wo fóònù náà, wọ́n wo ẹyin tó kù nínú àwo, wọ́n ti àwo náà sún síwájú díẹ̀.

"Sọ fún un kó wá jẹun," ni wọ́n wí.